Iná Inú Fèrèsé Òkè

Òtútù irin agogo yẹn ni ọwọ́ mi máa ń kọ́kọ́ rántí, kí èmi alára tó rántí ohunkóhun. Agogo kékeré tí wọ́n ń fi ọwọ́ mì ni, èyí tí ìjọ wa fi ta mí lọ́rẹ lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí pé mo di ajíhìnrere. Igi tí wọ́n fi ṣe ìdìmú rẹ̀ ti kán kó tó dọ́wọ́ mi, irin lásán ló kù níbẹ̀, tó bá sì di ìdájí nígbà ọyẹ́, yóò tutù wọ eegun. Abíyá ni mo máa ń há a sí kó lè móoru díẹ̀ kí n tó jáde. Baálé mi á yíjú sógiri, á fa aṣọ borí, á ní, "O kú iṣẹ́ Olúwa o, Ajíhìnrere. Rọra pa ilẹ̀kùn." Inú á bí mi. Lójú tèmi nígbà náà, ẹni tó bá ṣì ń sùn ní ìdájí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Ìlódè la ń gbé, ní Ifẹ̀ níbí, nínú ilé tí bàbá ọkọ mi fi sílẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ títẹ̀wé ní yunifásítì, àwọn ọmọ ti lọ sílé ọkọ, wọ́n ti lọ sí ibi iṣẹ́, ilé pa rọ́rọ́, ara mi sì le koko. Ni mo bá kọjú sí iṣẹ́ Olúwa. Láti ọjọ́ Ajé títí di Àbámẹ́ta, kí ọlọ́kadà àkọ́kọ́ tó tan ọ̀kadà rẹ̀, mo ti dé oríta tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò wa, agogo lọ́wọ́ ọ̀tún, gbohùngbohùn lọ́wọ́ òsì. Màá lu agogo lẹ́ẹ̀mẹta. Màá kọ orin kékeré kan tí mo fi orí ara mi gbé kalẹ̀: "Ilẹ̀ mọ́ mi lónìí, mo tún rójú ọjọ́, ó ṣeun o, Bàbá mi, ó ṣeun o." Lẹ́yìn ìyẹn, ó ku ìwàásù. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo gbádùn ohùn ara mi gan-an. Ìyá kan tó ń ta epo ní Ẹnuwá sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé tí atẹ́gùn bá fẹ́ dáadáa, òun máa ń gbọ́ mi dé iwájú ààfin. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kó tó yé mi pé ẹjọ́ ló ń rò.

Ní oríta yẹn, ilé pẹtẹ́ẹ̀sì kan wà tó kọjú sí ibi tí mo máa ń dúró. Bàbá káfíńtà kan ló kó wá síbẹ̀ láti Ìwó, Mùsùlùmí ni, àgbàlagbà oníwà pẹ̀lẹ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀, yàrá tó ń gbé wà lókè, fèrèsé yàrá náà sì wà gẹ́rẹ́ lókè orí mi. Kò sẹ́ni tó rí i kí obìnrin bá a jáde rí, mo sì ti fi ọkàn ara mi pinnu pé ìyàwó rẹ̀ ti kú. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Ní gbogbo ọ̀sán tí mo bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á bọ́ fìlà, á ní, "Ìyá Alágogo, ẹ kú iṣẹ́ o," màá na ìwé ìhìnrere kékeré kan sí i, á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, á tún wo àwòrán iwájú rẹ̀ dáadáa kó tó fi í sápò.

Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ni iná. Ní gbogbo ìdájí ayé, bí mo bá ti lu agogo ẹ̀ẹ̀kẹta báyìí, iná á tàn ní fèrèsé òkè yẹn. Kì í yẹ̀. Tí iná mànàmáná ò bá sí, á tan fìtílà, màá rí i bí ìmọ́lẹ̀ pupa yẹn á ṣe máa rìn lára kọ́tìnnì. Ẹ wo ẹni tó ń wàásù fún òkùnkùn lójoojúmọ́, tí ẹnì kan wá ń tan iná dá a lóhùn! Orí mi wú. Mo ní Ẹ̀mí Mímọ́ ti mú bàbá yìí, ó kù kó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ni. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbé ẹnu gbohùngbohùn sókè síbẹ̀ gan-an, màá pariwo pé, "Dìde lórí ibùsùn rẹ, ìwọ ọ̀lẹ! Olúwa ń pè ọ́, o ṣì nà gbalaja! Dìde!" Bí mo bá délé, màá sọ fún baálé mi pé mo rí iṣẹ́ àmì. Á ní kí n fún òun ní ògì.

Nígbà tí ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ wa ṣe ìpàdé oṣù, mo dìde jẹ́rìí. Mo ní, "Ẹ yin Olúwa!" wọ́n ní, "Haleluya!" Mo ní ọkàn kan wà ní oríta wa tó ń gbọ̀n lábẹ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, tí kì í lè sùn mọ́ bó bá ti gbọ́ agogo. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Pásítọ̀ wa kọ ọ́ sínú ìwé. A gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí bàbá oníbàbá tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo ìjọ fi ń bi mí lọ́jọ́ Ìsinmi pé, "Ìyá Ajíhìnrere, Arákùnrin Onífèrèsé ń kọ́?" èmi náà á sì fa gèlè sẹ́yìn, màá ní, "Ó kù díẹ̀." Ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀, ó di ọdún mẹ́ta. Mo tiẹ̀ ti wo ìjókòó tó máa jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kejì, níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé.

Ọ̀fun mi ló kọ́kọ́ ta mí lólobó pé nǹkan ń bọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ikọ́ díẹ̀díẹ̀, mo ń lá oyin. Ó di pé mo ń sọ̀rọ̀, ìdajì rẹ̀ ni ẹnu mi ń gbé jáde, mo ń mu omi gbígbóná, mo ń jẹ orógbó, mo ń bá èṣù wí. Èṣù ò dáhùn, ọ̀fun ò san. Lọ́jọ́ kan ní oríta, mo lu agogo tán, mo lanu láti kọrin, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Atẹ́gùn lásán ló jáde. Mo gbé gbohùngbohùn sẹ́nu bóyá òun á bá mi wá a, ìyẹn náà ń hó kùùùù. Iná sì ti tàn lókè bó ṣe máa ń tàn. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo iná yẹn, omi ń bọ́ lójú mi. Mo padà sílé láìsọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹnì kan ní Ìlódè, irú rẹ̀ ò sì ṣẹlẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti bí mi.

Dókítà obìnrin tó yẹ ọ̀fun mi wò kéré sí àbígbẹ̀yìn mi, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kókó ti yọ lára ibi tí ohùn ti ń jáde, pé ariwo ló fà á. Ó ní, "Mà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ẹ ò gbọdọ̀ kọrin, ẹ ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pàápàá. Tí ẹ bá pariwo ẹ̀ẹ̀kan péré ní àsìkò yìí, ohùn yẹn lè lọ, kó má padà mọ́." Mo fi ọwọ́ bi í léèrè pé àdúrà ńkọ́? Ó ní kí n máa gbà á nínú. Ẹ ò rí nǹkan! Èmi tí mo gbà pé àdúrà tí àwọn ará ilé kejì ò bá gbọ́, kò lè dé ọ̀run. Mo sunkún láti ọsibítù délé. Kí ni ajíhìnrere tí kò lóhùn fẹ́ fi ṣe ìhìnrere? Ohùn yẹn nìkan ni mo mọ̀ pé mo ní tí Ọlọ́run lè lò.

Baálé mi ní tirẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ dókítà, ó gbé ojú sókè ọ̀run, ó ní, "Olúwa, mi ò mọ̀ pé Ẹ ń gbọ́ tèmi náà." Mo ju ìrọ̀rí lù ú. Ìrọ̀rí yẹn nìkan ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni rere sì ni o, òun ló ra ìwé eléwé ogójì méjì àti bírò fún mi, ó ní kí n máa fi tú ọ̀rọ̀ inú mi jáde kí n má baà bẹ́.

Àmọ́ kí èèyàn yadi ní Ifẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni. Ta ló máa kí yín tí ẹ ò ní dáhùn? Ọjọ́ kejì ni àgbà obìnrin kan ní agboolé kejì kí mi pé ẹ káàárọ̀, mo kúnlẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, mo juwọ́, mo tún kúnlẹ̀, ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó kọjá lọ. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ní ìyàwó ilé yìí ń gbéra ga, wọ́n ní ó ti gba ìwé àṣẹ láti lọ bá ọmọ rẹ̀ ní òkè òkun, kò fẹ́ kí wa mọ́. Baálé mi ló ń lọ láti ojúlé dé ojúlé tó ń tún un ṣe. Ní Sábó ńkọ́, níbi tí mo ti lọ ra àlùbọ́sà? Mo na ìka, bàbá Hausa tó ń tà á na ìka, mo mi orí, òun náà mi orí, ó wá pe àwọn ará ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá wo ìyàwó tó ń ná ọjà tí kò jà. Nígbà tí mo fẹ́ lọ, ó fi àlùbọ́sà ńlá kan lé e fún mi, ó ní ẹ̀bùn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi délé, láìsí ohùn kankan nínú ẹ̀rín náà.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni Bàbá Káfíńtà kan ilẹ̀kùn wa. Ilẹ̀ ti mọ́ dáadáa, mo ń gbálẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, mo wá gbọ́ ohùn rẹ̀ níwájú ilé tó ń bi baálé mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ibí nilé Ìyá Alágogo? Ṣé wọ́n wà láyé?"

Baálé mi ní, "Wọ́n wà. Wọ́n kàn ní kí wọ́n panu mọ́ ni."

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó dé! Arákùnrin Onífèrèsé dé, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló gbé e wá! Mo sáré wọ yàrá, mo gbé Bíbélì, mo gbé ìwé tí a fi ń kọ orúkọ àwọn ọkàn tuntun, mo tún fi abẹ́rẹ́ há gèlè mi kí ó dúró dáadáa. Ìwé lọ́wọ́, bírò létí, mo jáde sí bàbá náà tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ó bọ́ fìlà. Ojú rẹ̀ ti wọlé, kò sì fá irùngbọ̀n. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú pé mo wá yọ yín lẹ́nu. Ìyàwó mi ni. Láti ìgbà tí ẹ ò ti lu agogo mọ́, kì í jẹun. Ó máa ń kọjú sí fèrèsé látàárọ̀, ó máa ń sunkún. Mo ní kí n wá bẹ̀ yín ni. Bí ẹ ò bá lè wàásù, ṣé ẹ lè lu agogo nìkan?"

Mo ṣí ìwé, mo kọ ọ́ pé: Ẹ níyàwó?

Ó kà á, ó wò mí. "Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí rọpárọsẹ̀ ti dá a gúnlẹ̀, Ìyá. Apá ọ̀tún kò ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́, ẹnu rẹ̀ ò lè sọ ọ̀rọ̀ kan. Kò fẹ́ kí èèyàn rí òun báyẹn, ìdí nìyẹn tá a fi dákẹ́. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa yí i padà, kí n máa fún un lóògùn ní ìdájí, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe fóònù kó jí èèyàn. Agogo yín ni mo ń lò. Bí ẹ bá ti lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, màá tan iná, màá yí i padà."

Háà! Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Gbogbo ìró ẹnu mi ló ń padà wá bá mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Dìde lórí ibùsùn rẹ. Ìwọ ọ̀lẹ. O ṣì nà gbalaja. Obìnrin tí kò lè gbé apá, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi gbé gbohùngbohùn kọjú sí i, mo ń pè é lọ́lẹ. A gbààwẹ̀, a pàtẹ́wọ́, mo yan ìjókòó, ṣùgbọ́n mi ò gun àtẹ̀gùn ilé yẹn lọ́jọ́ kan láti béèrè pé ta ló wà lókè níbẹ̀. Mo fi Bíbélì àti ìwé ọkàn tuntun sílẹ̀ lórí àga. Agogo nìkan ni mo mú, mo tẹ̀ lé bàbá náà.

Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ni. Mo kà á, nítorí mo fẹ́ mọ iye ohun tó ya èmi àti obìnrin yẹn nípá. Yàrá náà mọ́ tónítóní, òórùn igi gígé àti ìpara ojú egbò ló ń jáde níbẹ̀. Bàbá Káfíńtà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan bẹ́ẹ̀dì gíga kan, ó gbé e kọjú sí fèrèsé. Lára ògiri, níbi tí ojú ẹni tó dùbúlẹ̀ á dé, gbogbo ìwé ìhìnrere tí mo ti ń fún un ló lẹ̀ mọ́bẹ̀, ó yí ojú àwòrán wọn síta kí ìyàwó rẹ̀ lè máa rí nǹkan wò. Ìyá náà sì wà níbẹ̀, ó tín-ínrín, irun rẹ̀ funfun, wọ́n dì í dáadáa. Ojú rẹ̀ mú. Ó wo agogo, ó wò mí, ó mọ̀ mí.

Mo kúnlẹ̀. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, kò sí ohùn. Mo na ìka sí ọ̀fun mi, mo mi orí. Ó gbé ọwọ́ òsì tó ṣì dára sókè díẹ̀díẹ̀, ó na ìka sí ẹnu tirẹ̀, òun náà mi orí. Ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu rẹ̀ ló fi rẹ́rìn-ín. Bí ẹ̀rín ṣe gba èmi náà nìyẹn. Oníwàásù tí kò lè sọ̀rọ̀ àti olùgbọ́ tí kò lè dáhùn, a wo ara wa, a rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú àwa méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó lè gbọ́ ohunkóhun nínú yàrá náà.

Mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe. Mo gbé agogo, mo rọra lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni ń kí èèyàn. Bàbá Káfíńtà ń gbé kọ́ọ̀bù ògì bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bí agogo ẹ̀ẹ̀kẹta ṣe ń dún lọ, ìyá náà mí kanlẹ̀, ó lanu, ohùn kan jáde, ó rí hẹ́rẹ́hẹ́rẹ́, ó wọ́ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Ilẹ̀ mọ́ mi lónìí, mo tún rójú ọjọ́, ó ṣeun o, Bàbá mi, ó ṣeun o." Orin mi ni. Ó kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò fo ọ̀rọ̀ kan.

Kọ́ọ̀bù fọ́. Bàbá Káfíńtà kígbe pé, "Ọlọ́hun Ọba ò! Ó sọ̀rọ̀! Ìyàwó mi sọ̀rọ̀!" ó wá jókòó sínú ògì nílẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Ẹ wá wo èmi! Haleluya ti gbéra nínú mi, ó ti dé àyà, ó ti dé ọ̀fun. Gbogbo ayé mi ni mo ti fi pariwo lórí ohun tí kò tó ìdá mẹ́wàá èyí. Mo rántí dókítà: ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo já gèlè lórí, mo ki í bọ ẹnu, mo fi eyín dè é, mo ń fò sókè, mo ń fò wálẹ̀ ní yàrá oníyàrá, mo ń fi ọwọ́ lu itan ara mi. Ìyá náà ń wò mí láti orí bẹ́ẹ̀dì, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. Ó ti di ọdún mẹ́jọ báyìí, ṣùgbọ́n bí mo bá rántí ara mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, pẹ̀lú gèlè lẹ́nu, mo ṣì máa ń rẹ́rìn-ín nìkan.

Nọ́ọ̀sì tó ń wá tọ́jú rẹ̀ wá ṣàlàyé fún wa lẹ́yìn náà pé ó máa ń ṣẹlẹ̀, pé ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbé nínú ọpọlọ lè bàjẹ́ kí ibi tí orin ń gbé má bàjẹ́. Ó ní ìyá yìí lè fẹ́ nǹkan, kò ní lè sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti mọ̀ lórin, ó lè kọ ọ́. Ó ní kí a máa bá a kọrin. Láti ọjọ́ náà, ìdájí-ìdájí ni mò ń gun àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá. Màá lu agogo, á kọrin, èmi á máa fi ẹsẹ̀ gbè é. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn orin yẹn kọ ọ̀rọ̀ mìíràn: "Ẹ bá mi gbómi wá o, Baálé mi, ẹ gbómi wá." Bàbá Káfíńtà tí kò lè kọrin rárá á dá a lóhùn láti ìsàlẹ̀ pé, "Mo ń bọ̀ o, ìyàwó mi, mo ń gé pákó." Ilé náà wá di ilé akọrin. Àwọn tó wá gba àga ní ṣọ́ọ̀bù á dúró, wọ́n á máa wo ara wọn lójú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé. Dókítà wo ọ̀fun mi, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ní kókó ti wábi gbà, pé mo lè máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n gbohùngbohùn ti tán láyé mi. Mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbèrò pé Haleluya ni ọ̀rọ̀ tí mo máa kọ́kọ́ sọ. Mi ò sọ ọ́ ní ọsibítù. Mo di ẹnu mi mú, mo lọ tààrà sí oríta, mo gun òkè, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ohùn tó jáde há bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Kí lorúkọ yín?"

Ó fi ọwọ́ òsì gbá mi létí pẹ́ẹ́, ti eré. Lẹ́yìn náà ló kọ orúkọ rẹ̀ lórin fún mi.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo dìde ní ìjọ, mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Mo ní kò sí Arákùnrin Onífèrèsé kankan. Mo ní oògùn ni bàbá náà ń fún ìyàwó rẹ̀, pé èmi ni mo ń gbọ̀n lábẹ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run báyìí. Mo rò pé wọ́n á fajú ro. Pásítọ̀ wa ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga ìwàásù mú, gbogbo ìjọ bá a gbé e. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Bàbá Káfíńtà fi àga oníkẹ̀kẹ́ ti ìyàwó rẹ̀ wá fún ìdúpẹ́. Ìyá náà ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà èwe rẹ̀ kó tó bá ọkọ rẹ̀ kírun, ó ní òun fẹ́ kọ orin náà níbi tí àwọn èèyàn á ti bá òun gbè é. Olùtọ́jú ẹnu ọ̀nà ní kí bàbá bọ́ fìlà. Ó bọ́ ọ, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kejì gan-an, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí, ó ní, "Ìyá Alágogo, atẹ́gùn ń fẹ́ níbí o. Àmọ́ ẹ má tíì kọ orúkọ mi sínú ìwé." Títí dòní ló ń lọ kírun ní tirẹ̀. Mo ń gbàdúrà fún un lójoojúmọ́, ó mọ̀, òun náà sì ní òun ń ṣe dúà fún mi.

Òun ló fi igi àpá ṣe ìdìmú tuntun sí agogo mi. Ó dán, kì í tutù mọ́. Ẹnu ọ̀nà yàrá wọn ni agogo náà ń gbé, lórí ìṣó, nítorí ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń lò ó. Ohùn mi ò padà sí bó ṣe wà, bí mo bá ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ ní láti sún mọ́ mi. Àtẹ̀gùn oríṣiríṣi ni mo ti gùn ní Ìlódè láti ìgbà yẹn, mo máa ń kan ilẹ̀kùn, mo máa ń kí èèyàn, mo máa ń béèrè orúkọ, mo máa ń jókòó. Ìyá ti gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ padà. Ọkọ rẹ̀ kan igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan fún un tó máa ń dì mú rìn, ó bẹ̀rẹ̀ láti bẹ́ẹ̀dì dé fèrèsé, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dé orí àtẹ̀gùn. Lórí àtẹ̀gùn ló dúró sí. Kò sọ̀ kalẹ̀ rí àfi tí wọ́n bá gbé e.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ibà dá mi gúnlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi dé oríta. Ní ìdájí ọjọ́ kẹrin, mo dùbúlẹ̀, mo wé aṣọ mẹ́ta, baálé mi ń hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbọ́ agogo. Mo rò pé ibà ló ń dún létí mi. Ó tún dún. Mo mọ agogo yẹn, èmi ni mo ni ín. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ igi tó ń kan ilẹ̀, kò, kò, tó dúró gẹ́rẹ́ lábẹ́ fèrèsé mi, mo gbọ́ Bàbá Káfíńtà tó ń sọ pé, "Rọra, rọra, a ti dé." Agogo dún lẹ́ẹ̀kẹta. Ohùn tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan yẹn wá ké sókè láti inú òkùnkùn, ó dà pọ̀ mọ́ ẹ̀rín, ó ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan:

"Dìde… lórí ibùsùn rẹ… ìwọ ọ̀lẹ!"

Baálé mi ta jí, ó ní, "Ta tún nìyẹn, Jésù?" Mo na ọwọ́ sí ògiri, mo sì tan iná.